Àwọn Agunkẹ̀kẹ́ Tí Ìfura Bo Ògo Wọn Mọ́lẹ̀

Ọmọ ọdún 23 péré ni Jan Ullrich, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, nígbà tó gba ipò kìíní nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ tó lókìkí jù lọ láyé, lọ́dún 1997. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ eré náà dunjú, ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tún gba ipò kìíní níbẹ̀ mọ́. Ní June 30, 2006, nígbà tí ìdíje tọdún yẹn ku ọ̀la, ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ kúrò, nítorí pé orúkọ rẹ̀ jẹ yọ nínú ìwádìí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Sípéènì nípa dókítà kan tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré ìdárayá pa mọ́ láti dá a pa dà sí wọn lára. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi eré náà sílẹ̀.

Kí ló lè mú kí ẹlẹ́bùn bẹ́ẹ̀ kó sínú irú wàhálà yìí? Ẹ jẹ́ ká wo oògùn tí wọ́n ń pè ní EPO. Àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tí wọn kò sì lẹ́jẹ̀ lára tó, ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló sì ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ sínú iṣan. Agunkẹ̀kẹ́ tó bá lò ó kì í tètè rẹ̀ lórí òkè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ki, ọkàn rẹ̀ sì lè dáṣẹ́ dúró. Kó tó di ọdún 2000, wọn kò ní àyẹ̀wò kankan tí wọ́n lè fi mú ẹni tó lò ó. Àṣẹ tí àjọ tó ń bójú tó eré náà pa lọ́dún 1997 ni pé bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan lọ, kí onítọ̀hún sinmi fún ọjọ́ 15. Wọn kò dá a lẹ́bi, wọn kò sì dá a láre.

Inú àlàfo yẹn ni Marco Pantani ará Ítálì kó sí. Òun ló gba Giro d'Italia àti Tour de France lọ́dún 1998. Ní June 5, 1999, nígbà tó kù díẹ̀ kí Giro parí, tó sì wà níwájú gbogbo wọn, àyẹ̀wò fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ jẹ́ ìpín 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n lé e. Ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo kokéènì, òun ló sì pa á ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Rimini ní February 14, 2004. Ẹni ọdún 34 ni. Ọdún 2013 ni ìròyìn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé EPO wà nínú ìtọ̀ tí wọ́n gbà lára òun àti Ullrich nígbà Tour ti 1998. Ọdún yẹn kan náà ni Ullrich fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé dókítà ará Sípéènì yẹn ló ń bá òun ṣe é.

Ó rọrùn láti sọ pé ohun tí wọ́n gbìn ni wọ́n ká. Àwa kò rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, nítorí Christophe Bassons. Ẹgbẹ́ Festina ni ọmọ ilẹ̀ Faransé yìí ń bá gun kẹ̀kẹ́, ẹgbẹ́ tí wọ́n lé kúrò nínú Tour ti 1998 lẹ́yìn tí àwọn aṣọ́bodè bá oògùn rẹpẹtẹ nínú ọkọ̀ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn jẹ́rìí sí i pé Bassons kì í bá wọn lò ó. Ṣé ẹni iyì ló wá dà láàárín wọn? Rárá o. Nígbà Tour ti 1999, ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kan, kò sì fi bò pé oògùn kò tíì kúrò nínú eré náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gun òkè lọ sí Alpe d'Huez, Lance Armstrong ará Amẹ́ríkà, tó wà níwájú nínú ìdíje náà, lé e bá, ó sì sọ fún un pé kó kúkú máa lọ sílé. Nínú ẹgbẹ́ tuntun tó wà pàápàá, kò rí alátìlẹyìn. Kò parí ìdíje náà. Lọ́dún 2001, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ibo ni ì bá dé, ká ní agbára tí Ọlọ́run fún kálukú wọn nìkan ni wọ́n lò? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè mọ ohun tí Pantani tàbí Ullrich ì bá dà láìsí oògùn. Àwa òǹwòran náà ní ìpín tiwa nínú rẹ̀: àwa la fẹ́ kí wọ́n yára lọ́dún yìí ju ti èṣí lọ.

Lọ́dún 2012, wọ́n gba ipò kìíní méjèèje tí Armstrong gbà láti 1999 sí 2005 kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò fún ẹlòmíràn, nítorí pé ìfura ṣì wà lórí gbogbo sáà náà. Bassons ti di ẹni ọdún 38 nígbà yẹn.