Bàbá Àgbà, Bàbá àti Ọmọ Níwájú Àsíá

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdọọdún, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ wa a máa tò lẹ́sẹẹsẹ lórí pápá, wọn a sì yan bí ológun níwájú àwọn ọlọ́lá tí ó jókòó sábẹ́ ìbòòji. Àwa tí a bí wọn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sùn di ọ̀sán, nítorí pé ìjọba fún wa ní ìsinmi. A ti gbé Ọjọ́ Òmìnira lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè ni ó fi èyí hàn jù. Èyí tí a fi gba òmìnira ní 1960, nígbà tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lillian Jean Williams, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 1978 ni òmíràn rọ́pò rẹ̀: ọmọ Nàìjíríà márùn-ún ni a ṣa ọ̀rọ̀ wọn jọ, Benedict Odiase ti ẹgbẹ́ afunfèrè Ọlọ́pàá sì fún un ní ohùn. Ẹsẹ rẹ̀ kejì jẹ́ àdúrà. Ọdún 46 ni a fi kọ ọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, 2024, òfin tuntun dá ti àkọ́kọ́ padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ni àwọn aṣòfin parí rẹ̀.

Nísinsìnyí, bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ ń kọrin pọ̀, bàbá tí ó wà láàárín wọn ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn kan ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Àwa kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó dùn wá pé a kò bi ará ìlú léèrè tó, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ onílẹ̀ ni a pa tì. Síbẹ̀, òfin ti di òfin, kò sì yẹ kí ọmọ wa bá wa ní ẹnu dídì níwájú àsíá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ jáde kí 1978 tó dé, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ń bẹ̀ yín. Ẹ wá sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Òmìnira, kí ẹ kọ́ àwa òbí ní orin náà. Kí ẹ̀yin tí ojú yín sì tó 1960 sọ fún àwọn ọmọ ohun tí ẹ ń retí nígbà náà. Àwa náà yóò kọ́ wọn ní ti 1978, kí ó má baà parun. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní bá sì mọ́, kí gbogbo wa dúró nínú oòrùn pẹ̀lú wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá àga.