Ọmọ tó Forí Gbá Kò Nílò Yàrá Òkùnkùn

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ní ìlú Bafoussam, Sadio Mané àti Vozinha, asọ́lé Cape Verde, sáré lé bọ́ọ̀lù kan náà, orí wọn sì kọlu ara wọn. Àwọn méjèèjì ṣubú. Wọ́n fún asọ́lé ní káàdì pupa. Mané ní tirẹ̀ dìde, ó ń bá eré lọ, kò sì pẹ́ tó fi gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wálẹ̀, tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó ti wà lórí pápá ní Yaoundé. Kí oṣù kejì tó dé ìdajì, Senegal ti gba ife.

Ní Douala níbí tí mò ń gbé, gọ́ọ̀lù yẹn ni àwọn ọmọ ṣì ń rántí. Ẹ dúró lẹ́bàá Stade de la Réunification ní Bépanda ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ bi wọ́n léèrè. Wọ́n á ní ọkùnrin ni Mané. N kò bá Mané jà. Àgbàlagbà ni, ó sì ní dókítà ikọ̀ orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú championnat de vacances ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Òun kò ní dókítà kankan, àfi kóòṣì tó máa da omi tútù lé e lórí, tí á sì ní kó padà wọlé.

Bí ọpọlọ ọmọ bá mì nínú agbárí, kò pọn dandan kó dákú. Ó lè jẹ́ ẹ̀fọ́rí, òòyì, kí ìmọ́lẹ̀ máa gún un lójú, kí ó máa gbàgbé nǹkan, kí inú máa bí i láìnídìí. Bí orí náà bá tún gbá nǹkan kí ọpọlọ tó balẹ̀, ó lè wú. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pa ọ̀dọ́ rí. Nítorí náà, ọmọ tó bá forí gbá, kí ó jáde lórí pápá lọ́jọ́ náà. N kò rò pé èyí tún nílò àríyànjiyàn.

Ohun tó nílò àríyànjiyàn ni ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn tó bá délé.

Ìyá kan wà ní New Bell, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ. Ọmọkùnrin rẹ̀ jábọ́ lórí bendskin, ọ̀kadà tiwa níbí, láìdé akoto. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní kí wọ́n lọ ya àwòrán ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní scanner. Owó tí ìyá náà ní lọ́wọ́ ló tán síbẹ̀. Àwòrán náà mọ́, wọ́n kọ oògùn ẹ̀fọ́rí fún un, wọ́n ní kó sinmi. Ó sinmi lóòótọ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá tí wọ́n fa kọ́tìnì sí, kò sí ilé ẹ̀kọ́, kò sí ọ̀rẹ́, kò sí tẹlifóònù. Ẹ̀fọ́rí kò lọ, ọmọ náà wá ń sunkún láàárọ̀. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé, “Àbúrò mi, wọ́n ní orí mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í ṣe ọmọ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.”

Mo fẹ́ kí ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú orí àti egungun tó ṣẹ́ ni scanner ń wá. Ó ṣe pàtàkì bí ọmọ bá ń bì láìdáwọ́dúró, bí gìrì bá gbé e, bí ẹ̀fọ́rí ṣe ń le sí i, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tàbí bí wọ́n bá ń jí i tí kò jí dáadáa. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Laquintinie tàbí Hôpital Général ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ má dúró gba àdúrà nílé. Ṣùgbọ́n ìṣiṣẹ́ ọpọlọ ni mímì ọpọlọ ń dà rú, àwòrán yẹn kì í sì í fi ìyẹn hàn. Pé àwòrán mọ́ kò túmọ̀ sí pé ọmọ purọ́, kò sì túmọ̀ sí pé ayé ló ń ṣe é.

Yàrá òkùnkùn ńkọ́? Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni, àwọn dókítà fúnra wọn ló sì kọ́ wa. Wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ní Kánádà, ìwádìí kan tó jáde ní 2016 tẹ̀lé ọmọ tó lé ní 2,400. Nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ara láàárín ọjọ́ méje, nǹkan bí 25 nínú 100 ló ṣì ní àìlera lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin; nínú àwọn tó jókòó sílé, ó tó 44. Ẹnì kan lè ní àwọn tí ara wọn kò le ló tètè dìde, kò sì burú láti bi bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti John Leddy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, fi wọ̀ mí lọ́kàn jù. Wọ́n pín ọ̀dọ́ 103 sí ọ̀nà méjì láìṣàyàn: àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́, àwọn kan ń na ara lásán. Ní 2019 wọ́n sọ èsì rẹ̀: ọjọ́ 13 ni agbedeméjì ìwòsàn fún àwọn àkọ́kọ́, ọjọ́ 17 fún àwọn kejì. Ọjọ́ mẹ́rin lè dà bí ohun kékeré, àfi fún ọmọ tí ìdánwò BEPC rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní Amsterdam, ní 2022, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí i: ìsinmi díẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48, kí tẹlifóònù dín kù, lẹ́yìn náà kí ọmọ máa rìn. Rírìn lásán, tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Fún àwọn tí òòyì àti ìrora ọrùn kò bá lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tí ẹ mọ̀ sí fisiọ ní Nàìjíríà, tí à ń pè ní kiné níbí, ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mi orí mi ọrùn pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́rí tí à ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọpọlọ, ọrùn ló ti ń wá. Kiné máa ń fi ọwọ́ tú ọrùn tó le náà. Á ní kí ọmọ tẹjú mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ kó máa yí orí sọ́tùn-ún sósì, kó fi ẹsẹ̀ kan dúró, kó pa ojú dé kó dúró, títí etí inú, ojú àti ẹsẹ̀ á fi tún mọ ara wọn. Kathryn Schneider dán irú ìtọ́jú yìí wò ní Kánádà lára ènìyàn 31, ọmọ ọdún 12 sí 30. Ní 2014 ó ròyìn pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 73 nínú 100 nínú àwọn tó gbà á ni dókítà ní kó padà sídìí eré, nígbà tó jẹ́ 7 péré nínú àwọn yòókù. Àwọn ènìyàn náà kéré, mo mọ̀. Àlàfo náà kò kéré.

Ní Douala, arọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àti ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ ni a gbà pé kiné wà fún. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò tíì gbọ́ pé ó lè wo ọmọ tí òòyì ń kọ́. Àwọn kan á ní afẹ́ ni, nínú ìlú tí owó oògùn ibà ti ń dunni. Ṣùgbọ́n a ti rí owó scanner yá. Tí ìyá yẹn bá ti ní owó kiné mẹ́ta lọ́wọ́ lẹ́yìn àwòrán náà, kì bá má pàdánù ìdajì sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó rí ọ̀kan lọ níkẹyìn, ọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ bá a mú.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ kò wọ́n. Kí ilé ìwòsàn tó bá ní “àwòrán mọ́” fi ìwé kan lé ìyá lọ́wọ́, ní Faransé àti ní pidgin: ọjọ́ méjì ìsinmi, lẹ́yìn náà rírìn, bí òòyì bá kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ lọ rí kiné. Kí INJS ní Yaoundé, tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá, fi ìgbésẹ̀ mẹ́fà ìpadàsídìí eré kún ẹ̀kọ́ wọn, torí àwọn olùkọ́ yìí ni wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́ tí dókítà kò sí: rírìn, sísáré díẹ̀, bọ́ọ̀lù láìsí ìkọlù, ó kéré tán ọjọ́ kan lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí dókítà sì fọwọ́ sí i kí ìkọlù tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti kóòṣì àdúgbò, láti 2024 ni òfin bọ́ọ̀lù ti gba ìdíje láàyè láti fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó forí gbá láìkà á mọ́ iye ìpààrọ̀. Nínú championnat de vacances, ta ló tilẹ̀ ń ka iye ìpààrọ̀?