Ọkọ̀ bọ̀gìnnì kì í jẹ̀bi: Ìbẹ̀rù la fi ń yà fún jíìpù, kì í ṣe ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìgbẹ̀ìn dáadáa, ẹ mọ irú ọ̀nà tí mò ń sọ. Abẹ́òkúta ni, òkúta lókè, òkúta nísàlẹ̀, àwọn baba ńlá wa ò dẹ̀ ro ti mọ́tò nígbà tí wọ́n ń kọ́lé síbẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí ọkọ̀ méjì ò lè gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ọ̀kan bá ń gun òkè bọ̀, tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà tí à ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ni pé ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló yẹ kó yà fún ẹni tó ń gun òkè.

Ẹ lọ dúró síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ wò ó bóyá òfin yẹn ń ṣiṣẹ́. Iye owó ọkọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Micra á yà fún Corolla, Corolla á yà fún Highlander, Highlander á yà fún G-Wagon. Ọlọ́kadà nìkan ni kì í yà fún ẹnikẹ́ni, àfi tó bá rí i pé jíìpù ló ń bọ̀. Mo ti rí Micra tó kún fún èrò, tó ń gun òkè jẹ́jẹ́ rẹ̀, tó fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ padà nínú òjò nítorí Prado kan tí ẹyọ ẹnìkan wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wà nínú Prado ò tiẹ̀ tẹ fèrè. Ó kàn tan iná pà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ sì parí.

Àwọn kan á ní ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n á ní Yorùbá mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí Ọlọ́run bá gbé ga. Èmi ò gbà. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, tó bá fẹsẹ̀ rìn kọjá ní Ṣàpọ́n lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó máa yà fún un, wọ́n á tiẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbá a lápá. Ìṣirò ni dẹ́rẹ́bà Micra ń ṣe. Ó mọ̀ pé iná iwájú kan ṣoṣo lára àwọn jíìpù tuntun yìí lè ju owó Micra òun lọ látòkè délẹ̀. Ó mọ̀ pé tí irin bá fi lè kan irin, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Wọ́n á wo ọkọ̀ méjèèjì, wọ́n á sì mọ ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe é o. Ní ọdún 1968, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Anthony Doob àti Alan Gross, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ní ìpínlẹ̀ California ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ síbi iná ojú pópó, nígbà tí iná yẹn fi àwọ̀ ewé hàn pé kí ọkọ̀ máa lọ, wọ́n kọ̀, wọn ò lọ. Nígbà míì, Chrysler ńlá tó ń dán yinrin ni wọ́n gbé síbẹ̀, nígbà míì, jálòpì ni. Wọ́n wá ń ka àsìkò tí ẹni tó wà lẹ́yìn máa tó tẹ fèrè. Ẹ ti mọ èsì ẹ̀. Wọ́n fèrè mọ́ jálòpì kíákíá, wọ́n fara balẹ̀ fún Chrysler. Àwọn méjì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bọ́ńpà ni wọ́n fi kan ọkọ̀ àtijọ́ yẹn nídìí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwádìí yẹn ni pé wọ́n tún bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè pé, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe? Àwọn ọkùnrin inú wọn sọ pé ọkọ̀ olówó gan-an làwọn máa tètè fèrè mọ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Bẹ́ẹ̀ náà làwa ń ṣe lórí Facebook àti X: "Oníjíìpù wo ló fẹ́ halẹ̀ mọ́ mi?" Tó bá di ojú títì, a ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

Àmọ́ ti California yẹn, fèrè lásán ni. Tiwa nílẹ̀ yìí kọjá fèrè.

Láìpẹ́ yìí, mo wà nítòsí níbi tí jíìpù aláwọ̀ dúdú kan ti fi ẹ̀yìn jáde láti iwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹni tó wà á ò wo ẹ̀yìn, fóònù wà létí ẹ̀. Bàbá kan ń bọ̀ jẹ́jẹ́ nínú Micra rẹ̀, ní apá tiẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìdí jíìpù fọ́ iná iwájú Micra. Lára jíìpù fúnra ẹ̀, ibi tó họ kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ọmọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ látinú jíìpù, bóyá ni yóò lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fọ́jú ni? Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ yìí?"

Bàbá ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bàbá ló ń pe ọmọ yẹn ní ọ̀gá. Bàbá ló dẹ̀ ń sọ pé "ẹ má bínú." Kíá, èrò ti pé lé wọn lórí, gbogbo wọn ń bá bàbá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣàánú wọn, sà." Wọ́n ní, "Àgbà ni wọ́n, ẹ wo ojú Ọlọ́run." Mo bọ́ síwájú, mo ní, ta ló jẹ̀bi ná? Ṣebí jíìpù ló fi ẹ̀yìn jáde láìwo ẹ̀yìn? Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fà mí láṣọ. Ó ní, "Lọ́yà, ẹ gbé òyìnbó yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́." Ibi tí mo ti ń dá ìyá lóhùn ni mo ti rí i tí bàbá dọ̀bálẹ̀. Lórí títì. Fún ọmọ tó lè kọ́ ní kíláàsì.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, bàbá gbà láti san ₦80,000. Ó fi ìdajì ránṣẹ́ láti orí fóònù ẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì fún ìyókù.

Òfin tí mo kà ní yunifásítì ò fi ibì kan sọ pé ọkọ̀ tó wọ́n jù ló máa ń jàre. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé ta ni kò ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, tí àìbìkítà ẹ̀ wá ba ohun ọlọ́hun jẹ́? Ẹni yẹn ni gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn. Ìhàlẹ̀ tí wọ́n sì máa ń fi dẹ́rù bani, pé "màá pe DPO, màá tì ẹ́ mọ́lé," òun náà ní ibi tí òfin ti ká a lọ́wọ́ kò. Òfin iṣẹ́ ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ gbèsè tàbí àdéhùn láàárín ẹni méjì. Tí ẹnì kan bá wa ìwàkuwà tó lè pa èèyàn, ìyẹn ti di ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá lè dá sí i. Ṣùgbọ́n bọ́ńpà tó họ lásán kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé.

Kí n má lọ dà bí ẹni tó kórìíra olówó, ẹ jẹ́ n sọ apá kejì náà, torí pé ó wà. Ọkọ̀ ńlá ń fún èèyàn ní ọ̀nà nìkan tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ bá jọ "èèyàn ńlá" lójú wa. Tó bá jẹ́ obìnrin, ìtàn yí padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ń wa Lexus RX 350, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló fi rà á. Ó ní ní Pánṣẹ́kẹ̀, àwọn dẹ́rẹ́bà á rí i pé ó ti tan iná pé òun fẹ́ yà, ṣe ni wọ́n á tún sún mọ́ iwájú kí ó má baà ráàyè wọlé. Ọ̀kan sọ̀ gíláàsì kalẹ̀, ó ní kó kí "daddy" tó ra ọkọ̀ fún un. Ní Abẹ́òkúta yìí o, ìlú Funmilayo Ransome-Kuti, tí wọ́n máa ń sọ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà.

Tó bá wá jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó da irun, tó wa Benz, orúkọ ẹ̀ ti di ọmọ Yahoo kó tó sọ̀rọ̀. Tí nǹkan kékeré bá ṣẹlẹ̀, èrò á ti pariwo "olè" mọ́ ọn. Ariwo yẹn kì í ṣe eré. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá SARS mú Tiyamiyu Kazeem, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, àti akẹgbẹ́ ẹ̀ kan ní Ṣàgámù, níbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kazeem ò padà délé láàyè. Ẹ̀sùn ọmọ Yahoo ni akẹgbẹ́ ẹ̀ sọ pé wọ́n kọ́kọ́ fi kàn wọ́n. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde fún #EndSARS, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń ké lé lórí ni pé ọ̀dọ́ tó wa ọkọ̀ tó dáa ti di ọ̀daràn lójú agbófinró. Lójú tèmi, kì í ṣe agbófinró nìkan ló ní ojú yẹn.

Nítorí náà, ọ̀kan náà ni kí a dọ̀bálẹ̀ fún jíìpù àti kí a bú ẹni tó wà nínú ẹ̀. Nínú méjèèjì, a ò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì. Ẹni tó tóbi là ń wá. Tí ó bá tóbi, a bẹ̀ ẹ́. Tí a bá rò pé kò tóbi tó ọkọ̀ ẹ̀, a gbẹ̀san lára ẹ̀ nítorí gbogbo ìgbà tí a ti bẹ àwọn yòókù. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ńlá náà mọ eré yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá sáírẹ̀nì, gíláàsì dúdú àti nọ́ńbà SPY, èyí tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fòfin dè ní ọdún 2022. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 pé kí wọ́n kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn, ètò ààbò ló fi ṣe àlàyé ẹ̀. Èmi rò ó sí pé tí kò bá sí ọlọ́pàá nínú jíìpù, bóyá Micra náà á lè ráàyè sọ̀rọ̀.

Ó dáa, kí ni bàbá yẹn ìbá ti ṣe? Ohun tó ń bí mi nínú nìyí, torí pé ojútùú ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ínṣọ́ránsì ni. Ìwé adójútòfò tí à ń pè ní third party jẹ́ dandan fún gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, NAICOM, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, sọ owó ẹ̀ di ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ aládàáni. Ẹ pín in sí ọjọ́, kò tó ₦42. Tí ẹ bá jẹ̀bi, tí ẹ ba ọkọ̀ ẹlòmíì jẹ́, iléeṣẹ́ yẹn lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún ẹni tí ẹ ba tiẹ̀ jẹ́. Ìyẹn ni pé Micra tó ní ìwé gidi kò nídìí láti máa fi ẹ̀yìn sá fún Prado. Ẹrù tó wà lọ́kàn ẹ̀, wọ́n ti ṣe òfin láti bá a gbé e.

Àmọ́ ojú wo la fi ń wo ìwé yìí? Ìwé tí à ń fi han ọlọ́pàá ni. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò lójú pópó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, gbogbo wa sáré lọ rà á, àwọn míì ra ayédèrú lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé lábẹ́ agbòjò, torí ohun tí wọ́n fẹ́ ò ju kí ọlọ́pàá ní "máa lọ." Ẹ bi ara yín léèrè: nínú gbogbo àwọn tí ẹ mọ̀ tí wọ́n ti kọ lu ara wọn, mélòó ló ti gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò rí? Èmi mọ ẹnìkan. Òun náà ní ó gba òun lóṣù mẹ́ta àti lẹ́tà lọ́yà méjì. Nítorí náà, àwọn iléeṣẹ́ yẹn pín nínú ẹ̀bi. Tí sísan owó bá yá bí gbígba owó ṣe ń yá wọn, èrò tó ń pé lójú títì á ti mọ ìbéèrè míì yàtọ̀ sí "ẹ dárí jì wọ́n."

Nínú ọ̀rọ̀ ti bàbá tíṣà yẹn, third party tiẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wá láti ọwọ́ ẹ̀. Jíìpù ló jẹ̀bi. Iléeṣẹ́ adójútòfò ti jíìpù ló yẹ kó tún Micra ṣe. Mo sọ fún bàbá bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì nílé wọn, mo ní mo lè bá wọn kọ lẹ́tà, ọ̀fẹ́ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n mo ti san ìyókù láàárọ̀ yìí, kí ọ̀rọ̀ lè tán." Micra yẹn wà níta níbi tí a jókòó sí. Ike funfun ni wọ́n fi bo ojú iná tó fọ́, wọ́n fi sẹ́lótéépù dì í yíká.