Bọ́ọ̀lù Ìrántí Kì Í Ṣe Ìdógò



Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí àwọn ẹbí mi ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún. Ìyàwó ilé kan tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí ó rí oorun sùn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti tu owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wọn jọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá fẹ́ yá owó náà, ó sì fẹ́ fi bọ́ọ̀lù kékeré kan dógò. Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ náà. Kò tóbi ju ọsàn lọ. Awọ funfun ni, okùn pupa ni wọ́n fi rán an, orúkọ àwọn eléré sì yí i ká. Ọ̀rẹ́ náà ní àwọn eléré ọ̀hún ló fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, àti pé owó ńlá ni.

“Ìyá, ṣé kí n yá a?” ni ó bi mí.

Mo ní kí ó mú bọ́ọ̀lù náà wá kí a jọ wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn eré bọ́ọ̀lù tí a ń fi igi gbá, gẹ́gẹ́ bí àwa ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta irú bọ́ọ̀lù ìrántí yìí ní pápá ìṣeré wọn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ ìfọwọ́sí àwọn eléré sára rẹ̀. Ẹ mú owó náírà kan jáde nínú pọ́ọ̀sì yín. Ẹ ó rí ìfọwọ́sí Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ lórí rẹ̀. Ta ni nínú wa tó gbà pé Gómìnà jókòó, ó ń fi gègé kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ́ọ̀lù yìí.

Báwo ni a ṣe lè dá a mọ̀? Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Èkíní, bí gbogbo orúkọ bá jẹ́ àwọ̀ kan náà, tí wọ́n sì nípọn bákan náà, ìtẹ̀ ni. Èkejì, ọwọ́ ènìyàn a máa tẹ gègé mọ́lẹ̀ níbi kan, a sì fò fẹ́rẹ́ níbòmíràn. Ti ẹ̀rọ kì í yàtọ̀. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá rí bọ́ọ̀lù méjì tí orúkọ wọn wà ní ojú kan náà gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè ọdún rẹ̀. Babe Ruth, gbajúgbajà eléré wọn, kú ní 1948. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò lè ní ìfọwọ́sí tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Èyí kò sọ pé bọ́ọ̀lù tí a tẹ̀ kò níye lórí. Bí ó bá ti pẹ́, tí awọ rẹ̀ ṣì funfun, tí orúkọ kò sì ṣá, àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ yóò rà á. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò lè sún mọ́ ti èyí tí a fi ọwọ́ kọ. Ẹ rántí ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjíríà ní 3 sí 0 ní Sùúrùlérè, tí Segun Odegbami gbá méjì wọlé. Bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, àti èyí tí a kàn tẹ orúkọ rẹ̀ sí, ṣé ọgbọọgba ni?

Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi gègé tún orúkọ kọ, ẹ má sì kùn ún. Ẹ fi aṣọ òwú mímọ́ wé e, kí oòrùn àti ọ̀rinrin má ba à jẹ́.

Nígbà tí a yẹ bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà wò, ìtẹ̀ ni. Ìyàwó náà dá a padà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò fọwọ́ kan owó ilé-ìwé. Ìwọ̀nba tí ó lè yọ nínú owó ọjà tirẹ̀ ni ó fi ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, láìgba ìdógò. Àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ kò sì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ohun ìrántí máa jẹ́ ohun ìrántí. Ó dìgbà kan ná o.