Iná Kò Pa Á, Omi Kò Fọ̀ Ọ́ Lọ

Sátidé tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ ń bọ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Barking kí n ra àgbàdo tí n ó fi ṣe ògì fún ọmọ mi. Àpò rẹ̀ wà ní ṣíṣí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti bu, tó ti ní àwọ̀ ewé. Mo fi han Mọ́mì tó ń tajà. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Nọ́ọ̀sì, o ti di òyìnbó. Ṣa ìyẹn dànù, kó o fọ ìyókù. Ṣebí òun náà la jẹ dàgbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń bá jà, kì í ṣe Mọ́mì. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ ní Dagenham. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwa nọ́ọ̀sì pàápàá, àwa tó yẹ ká mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń mú àgbàdo àti ẹ̀pà bu, ìbátan olú ni. Òun ló ń pèsè májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Kò lóòórùn, ojú kò rí i; ọkà tó ń dán lójú lè ní in. Ẹ sè é títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ní tán níbẹ̀. Ilẹ̀ England yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ tọpa rẹ̀ ní 1960, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nítorí oúnjẹ ẹran tí wọ́n fi ẹ̀pà Brazil ṣe. Ní Kenya ní 2004, àgbàdo tó bu dá èèyàn 317 dùbúlẹ̀. 125 nínú wọn kú.

Irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n o. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tó ń rọra jẹ ẹ̀dọ̀, lọ́dọọdún, títí á fi di jẹjẹrẹ. Lára ẹni tó bá ní hepatitis B, tó sì pọ̀ láàárín wa, agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 30. A jẹ ẹ́ dàgbà, kò burú. Àwọn tí kò dàgbà ńkọ́? Mélòó nínú àwọn tí ikùn wọn wú nílé la ní ọmọ aráyé ló ṣe wọ́n?

Òfin ibí kò gbà ju 4 micrograms lọ nínú kílò ọkà kan tó ti di jíjẹ. Ìyẹn giráàmù mẹ́rin péré nínú 1,000 tọ́ọ̀nù. Ti oúnjẹ ọmọ ọwọ́ tún le jù: aflatoxin B1, tó burú jù nínú wọn, kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.1. Láti 2010 ni Europe ti ń yẹ ẹ̀gúsí Nàìjíríà wò nítorí ẹ̀, a sì ń pè é ní ẹ̀tanú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká pe ẹni tó kó àpò gba ẹ̀bùrú wọ̀lú, tó wá ń tà á fún ọmọ ìyá ẹ̀?

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà. IITA ní Ìbàdàn ní Aflasafe, irú ohun kan náà tí kò lóró, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kó lè gba àyè mọ́ èyí tó lóró lọ́wọ́. Àgbàdo tí wọ́n sá gbẹ dáadáa wà. Á wọ́n díẹ̀ ni. Àwa tá à ń ra aṣọ ẹbí lóṣooṣù, ṣé owó àgbàdo ló máa wọ́n wa lójú?

Mo ti padà lọ bá Mọ́mì. Mo bi wọ́n pé ibo ló ti wá, ìgbà wo ló dé, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò mọ̀. Mo ní kí wọ́n bi ẹni tó ń kó o wá fún wọn kó tó gbowó míì. Council wa ní àwọn tó ń mójú tó oúnjẹ títà. Tí àpò yẹn bá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni n ó pè wọ́n, kí ẹ sì pè mí ní ọ̀dàlẹ̀.