Òkè Lángbòdó Kò Mọ Ààlà

Kí ni ó mú kí ìtàn àwọn ọdẹ inú igbó ẹbọra má ṣe sú ènìyàn? Ọ̀pọ̀ yóò ní ìjà ni. Ṣùgbọ́n ìjà nìkan kọ́.

Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ọba ni ó rán Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó, kí ó lè mú ohun tí yóò fún ìlú ní àlàáfíà wá. Kò dá lọ: Kàkò ní agbára, Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n, Ọlọ́hùn-Iyọ̀ ní ohùn orin. Nígbà tí wọ́n sì débẹ̀, ọjọ́ méje ni àwọn akọni wọ̀nyí fi jókòó gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje. Adùn ìtàn náà nìyẹn: ọba tí ń ro ti ìlú, àti akọni tí ó gbà láti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.

Ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, ọmọ a máa sọ èdè baba rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n Faransé ni ó ń kà nílé ẹ̀kọ́. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 pín àwọn Ìfọ̀nyìn sí méjì. Kò yẹ kí ó pín ìtàn. Ọmọ tí ó mọ akọni ilẹ̀ òkèèrè tí kò mọ Kàkò ti pàdánù nínú ogún rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ka ìwé náà sókè fún àwọn ọmọ ní alẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi etí gbọ́ ọ yóò fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ kà á.