Ta Ni Wọ́n Ń Ya Ọ̀nà Èkó Fún?



Ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n pè ní Metroline. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ilẹ̀ Faransé ni wọ́n gbé e fún. Ọjọ́ tí ọdún náà parí gan-an ni ṣọ́jà gbàjọba. Nígbà tí ó di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ náà. Owó tí Èkó pàdánù lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là, ọkọ̀ kan ṣoṣo kò sì rìn. Bí wọ́n bá ní owó iṣẹ́ náà pọ̀ jù, ṣé wọn kò lè dín in kù ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ní oṣù kìíní 2023, Buhari kan náà, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, ni ó wá ṣí Blue Line láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13 péré. (Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó rẹ́rìn-ín.) Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún náà kí èrò tó wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ 20 ọdún tí ó wọ ilé iṣẹ́ ní 1983 ti pé 60 ní 2023. Ọdún tí ọkọ̀ dé ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé. Gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi fara gbún èrò ní Ọ̀ṣòdì.

N kò sọ pé ètò ọlọ́jọ́ gbọọrọ kò dára o. Ìlú tí kò bá ro ọgbọ̀n ọdún síwájú, ilé ni wọn yóò kọ́ sí ibi tí irin yẹ kí ó gbà, katapílà ni yóò sì wá tú wọn níbẹ̀. Òfin tí ó dá LAMATA sílẹ̀ ti wà láti 2002, ètò ọgbọ̀n ọdún sì wà lọ́wọ́ wọn: ojú irin mẹ́fà, ọ̀nà BRT, ọkọ̀ ojú omi. Nínú mẹ́fà náà, méjì péré ni apá kan wọn ń gbé èrò nígbà tí 2024 fi parí. Ohun tí mo ń bá wọn jà sí ni pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọ́n á ka ọkọ̀, wọ́n á ka èrò, wọ́n á fa ìlà sórí ìwé. Wọn kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀.

Àwọn kan ní iṣẹ́ ẹnjiníà ni èyí, kí ni kọ́ńdọ́tọ̀ mọ̀? Kọ́ńdọ́tọ̀ tí ó ti ń pe Ìkẹjà láti agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí mọ ibi tí èrò ti ń wọlé, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí owó tán lápò wọn. Obìnrin tí ó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní Ìsọlọ́ mọ agogo tí ọkọ̀ ń tán lójú títì. Ìwé wo ni wọ́n kọ ìyẹn sí?

Ẹ tún wo Red Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá 2024. Láti Ọyingbo ni ó ti ń lọ, ó sì dúró sí Agbádó, lẹ́bàá ààlà Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́, tí ilé iṣẹ́ wa wà ní Ọ̀tà àti Àgbárà? Àwọn tí owó ilé Èkó lé lọ sí Mówé àti Ìbàfò ńkọ́? Òṣìṣẹ́ kì í wo ààlà ìpínlẹ̀ kí ó tó wá yàrá tí agbára rẹ̀ ká. Ìjọba méjèèjì ni ó yẹ kí ó jókòó sórí ètò kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn awakọ̀ àárín wa tí wọ́n ń gbàdúrà pé kí irin náà bàjẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù. Owó ọlọ́kọ̀ ń bẹ lọ́rùn yín lójoojúmọ́, bí èrò bá sì kúrò lọ́dọ̀ yín, ebi ni. Àmọ́ ẹ rántí 2008, nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn awakọ̀ NURTW dá sílẹ̀ wà lára àwọn tí ó ń wa bọ́ọ̀sì náà. Dánfó kúrò lọ́wọ́ awakọ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ńlá bọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni. Ìdí èyí ni mo fi ní kí a má ṣe ní ìrètí nínú ìlérí ẹnu. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò: ta ni yóò wa ọkọ̀ tí yóò máa kó èrò dé ibùdó ojú irin, iye wo ni a óò máa gbà, ta ni yóò kọ́ wa níṣẹ́?

Ẹ̀ka wa ń béèrè fún àga ní ibi tí wọ́n ti ń jíròrò ètò yìí. A kò fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Kí olúkúlùkù kọ agogo tí ó ń jáde nílé, agogo tí ó ń padà dé, ọkọ̀ mélòó tí ó ń wọ̀, àti iye owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kó o lé akọ̀wé lọ́wọ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Àwọn oníṣẹ́ alẹ́ tí kò lè wá, ẹ fi rán aṣojú yín.